Ìka Àwìn

Ọ̀gá mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi lọ́jọ́ tí n kò sí níbi iṣẹ́, ó fi orúkọ mi fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ òfin ìsinmi kúrò. Kò bi mí kó tó ṣe é. Kò sọ fún mi lẹ́yìn tó ṣe é tán. Òní ni mo mọ̀.

Òní náà ni mo mọ ẹni tó ń jẹ ìyà rẹ̀. Ó wà níwájú mi báyìí, ó ń sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Jí mi láago kan o. Má jẹ̀ẹ́ kí n sùn kọjá." Ohun tó sọ nìyẹn kó tó wó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló ráyè bọ́. Èkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ bá a bọ́ ọ... ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa jí. Mo fi sílẹ̀. Mo jókòó sórí àga tó ń kó aṣọ lé, kọ̀ǹpútà mi lórí itan, fóònù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mò ń wo bàtà yẹn. Mò ń wo aago ara ògiri. Mò ń wo bàtà.

Òfin ìsinmi. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ìlà díẹ̀ ni, nínú ètò tó gùn ju ọ̀nà oko lọ. Ohun tó sọ kò ju èyí: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ mọ́jú, ètò kò gbọdọ̀ pè é padà sẹ́nu iṣẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ìyẹn nìkan. Èmi ni mo kọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ níbi iṣẹ́ yẹn — àwọn bọ́tìnì, àwọn ojú ewé tí àwọn ọ̀gá fi ń ka orí òṣìṣẹ́ bí ẹni ń ka àgùntàn — òun nìkan ṣoṣo ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Òun náà ni wọ́n wá yọ. Èmi ni wọ́n sì fi yọ ọ́.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe... báwo ni mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá? Ètò kọ̀ǹpútà ni, tó ń pín iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́: ta ló ń bọ̀ láàárọ̀, ta ló ń bọ̀ lọ́sàn-án, ta ni yóò mọ́jú. A kì í tà á fún irú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ìwòsàn là ń tà á fún, àti ilé iṣẹ́ ńláńlá. Wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà tiwọn, wọ́n á sọ ọ́ ní orúkọ tiwọn, bí ọmọ tí wọ́n gbà tọ́. Ẹni tó rà á kì í lò ó. Ẹni tó ń lò ó kọ́ ló rà á, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ó pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bàtà tí ẹnì kan rà tí ẹlòmíràn ń wọ̀ — ta ni yóò mọ ibi tó ti ń há?

Bàtà. Ó ti tún di bàtà.

Tí mo bá gbé ọwọ́ mi jẹ́jẹ́... rárá. Jẹ́ kó sùn.

Màmá wà ní pálọ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Ó ti yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi dà bíi pé eṣinṣin ló ń sọ̀rọ̀. Torí ọmọ rẹ̀ tó ń sùn ni. Màmá mọ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí oorun jẹ́ fún ẹni tó mọ́jú. Ilé iṣẹ́ wa, tó kún fún àwọn tó kàwé yanjú... Kì í ṣe pé a kò mọ̀. Òfin yẹn wà níbẹ̀. A mọ̀, a sì yọ ọ́.

A. Ta ni "a"?

Láàárọ̀ yìí, mo ti dé kó tó wọlé. Mo gba ọjọ́ ìsinmi, mo ní kí n wá kí wọn, ó ti pẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí mi, ó ní, "Onípàdé. Ìwọ náà ráyè wá?" Orúkọ tó sọ mí nìyẹn. Torí pé ìgbàkígbà tó bá pè mí, mo wà nínú ìpàdé. Ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, mo wà nínú ìpàdé. Ọjọ́ tí omi bo ilé yìí, ìpàdé. Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń fọwọ́ ti ògiri bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Fóònù rẹ̀ dún. Ó wò ó. Kò bínú, ìyẹn ló ń dùn mí. Èjìká rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀.

"Ọ̀gá Àìrí ti tún pè mí. Aago méjì ọ̀sán. Mi ò tíì bọ́ aṣọ o."

"Ta ni Ọ̀gá Àìrí?"

"Áàpù inú fóònù yìí ni. Gbogbo wa ní wọ́ọ̀dù, bá a ṣe ń pè é nìyẹn. Kò lójú, kò létí, ẹnu nìkan ló ní."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn. Ó wá ju fóònù náà sọ́wọ́ mi, ó ní kí n wò ó, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu mi. Torí agogo kékeré kan wà lókè ojú fóònù yẹn. Ahọ́n agogo náà wọ́ díẹ̀ sí apá òsì. Mo mọ agogo yẹn. Èmi ni mo yà á. Mo bẹ̀ wọ́n nígbà náà kí wọ́n jẹ́ kí n tún ahọ́n rẹ̀ ṣe, ọ̀gá ní, "Kíákíá ni wọ́n ń fẹ́, ta ló ń wo ahọ́n agogo?" Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó. Láràárọ̀. Lálaalẹ́. Orúkọ mìíràn ni wọ́n kọ sókè, ọ̀dà mìíràn ni wọ́n fi kùn ún, n kò mọ̀ pé ilé ìwòsàn tirẹ̀ náà ti rà á, òun náà kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Ohun tó mọ̀ kò ju pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe...

"Ẹni tó ṣe nǹkan yìí," ó ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ bóyá òun náà ń sùn."

Kí ni mo sọ? Mo sọ pé, "Bóyá kì í sùn." Mo fi dá àpárá. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ó sún mọ́ mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí màmá má baà gbọ́. Ó ní òun gbé oògùn ẹni ìdí fèrèsé fún ẹni ìdí ilẹ̀kùn lóru àná. Ó ní òun ti gbé e dé ẹnu rẹ̀. Ó ní àfìgbà tí bàbá náà fúnra rẹ̀ sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, funfun ni tèmi, pupa kọ́." Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó máa ń ka àkọlé ìgò oògùn ikọ́ lákàtúnkà kó tó fún mi mu nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní, "Tí kì í bá ṣe pé bàbá yẹn ò tíì sùn..." Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan.

Tí bàbá yẹn bá ti sùn ńkọ́?

Tí bàbá ọjọ́ òní bá sùn ńkọ́? Torí ó ń padà lọ. Aago méjì. Pẹ̀lú oorun tí kò tó ti ọmọ tuntun.

Mo kọ́kọ́ rò pé ètò ló ṣàṣìṣe. Mo dúpẹ́, mo ní àṣìṣe ni, mo ní òfin wà níbẹ̀, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi níbí lórí itan, mo lọ wá a. Kò sí. Ibi tó wà mọ́ fefe. Ẹni tó yọ ọ́: ọ̀gá. Ẹni tó fọwọ́ sí i: èmi. Orúkọ mi, ní kíkún, pẹ̀lú àwòrán mi tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó parí, tí mo lọ ṣe ọmọ ẹnì kan. Ọjọ́ yẹn gan-an.

Ìka àwìn. Àwa ni a sọ ọ́ lórúkọ yẹn, a sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ní ọ́fíìsì wa, ẹni tó kọ nǹkan kò lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ojú méjì gbọ́dọ̀ rí i, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Òfin tó dára. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí mo dé, mo ní ibi tí ẹnì kan kò ti lè dá ṣe ìkà nìyí. Ṣùgbọ́n èèyàn máa ń jáde lọ jẹun. Èèyàn máa ń jáde lọ gba ìpè. Iṣẹ́ á dúró, ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Ọ̀gá Kíákíá, á máa rìn sókè sódò. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀: tó o bá ń jáde, má ti kọ̀ǹpútà rẹ. Ẹni tó bá kù á bá ọ tẹ̀ ẹ́. "Ta ló ní ìka àwìn?" Wọ́n á pariwo rẹ̀ bí ẹni ń polówó ọjà. Àwọ̀ tí wọ́n yí padà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì kọ, nǹkan kéékèèké. Ẹni tó bá ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ pa kó tó jáde, ahun ni wọ́n ń pè é. Wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá ń fi tèmi sílẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Èmi ńkọ́? N kò gbé e. N kò gbà á. Èjìká mi ni wọ́n fi ṣe àkàbà.

Mo pe Ìyá Àṣìṣe. Tábìlì rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Òun ló ń yẹ gbogbo ohun tí a kọ wò kó tó jáde, ibi tó bá ti já la máa ń gbọ́ igbe rẹ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo bi í léèrè ta ló jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ tí ó fi ọmọrí dé ìkòkò omi tíì.

"Ọ̀gá Kíákíá ni. Mo rò pé o mọ̀."

"Mi ò mọ̀, mà."

"Mo sọ fún un. Mo ní, ọ̀gá, èyí kì í ṣe ti ìka àwìn o. Ó ní kí n máa wá àṣìṣe mi lọ síbòmíì."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Àbúrò, ibi iṣẹ́ la wà, kì í ṣe ilé ẹjọ́."

Kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ó tọ́ mi sọ́nà nígbà tí mo dé, ó fi ibi tí wọ́n ti ń po tíì hàn mí, ó ní kí n má jẹ́ kí iṣẹ́ jẹ ojú mi. Òun náà dákẹ́. Báyìí ni gbogbo nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ láyé: kì í ṣe ariwo ni, ẹnì kan á kàn dé ìkòkò.

Mo wá pe òun fúnra rẹ̀. Ọ̀gá. Kò sá, n kò lè purọ́ mọ́ ọn.

"Ìka àwìn ni nígbà yẹn. Ṣé ó wá dèèwọ̀ lónìí?"

"Ẹ̀mí èèyàn wà nínú èyí, sà."

"Àwọn oníbàárà ń pariwo. Nọ́ọ̀sì wọn ò tó, òfin tìẹ sì ń dí wọn lọ́wọ́. Tí mo bá bi ẹ́, ṣé wàá gbà?"

"Rárá, sà."

"Ìdí tí mi ò fi bi ẹ́ nìyẹn. Mi ò fẹ́ ká jà."

Mi ò fẹ́ ká jà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń fún mi lẹ́bùn. Ó tún wá ní kí n fọkàn balẹ̀, pé lọ́jọ́ Ajé, tí a bá gbé ètò náà fún àwọn ilé ìwòsàn yòókù, èmi ni màá dúró níwájú wọn. Olórí ẹ̀ka. "Èmi ni mo dárúkọ ẹ. Ìyẹn náà tún burú ni?" Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ì bá rọrùn. Nígbà tí ibà dá mi wó, òun ló gbé mi lọ sílé nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó ra omi, ó ra àkàrà òyìnbó, ó jókòó títí oògùn fi ràn mí. Èèyàn lè gbé ọ relé kó sì tún gbé ìka rẹ lọ. Ọwọ́ kan náà ló fi gbé méjèèjì.

Àwọn ilé ìwòsàn yòókù. Ọjọ́ Ajé. Ẹ̀gbọ́n ta ni yóò wà níbẹ̀?

Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi: "Fà á sẹ́yìn." Tí ẹni tó fọwọ́ sí nǹkan bá fà á sẹ́yìn, ohun tí wọ́n ṣe á dúró, ètò ti tẹ́lẹ̀ á padà, títí ẹlòmíràn yóò fi fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ rí. Mo ti wò ó láti àárọ̀. Mo gbé ìka lé e, mo gbé e kúrò. Mo ní jẹ́ kí n rò ó wò. Mo ní ọjọ́ Ajé kò tíì dé. Mo ní tí mo bá di olórí ẹ̀ka, màá lè dá òfin náà padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọgbọ́n rèé. Ọgbọ́n ni... Ṣé ọgbọ́n ni?

Atẹ́gùn ń ti fèrèsé. Ohun tó dá a dúró kó má baà pa dé ni pátákó tẹníìsì orí tábìlì, èyí tí rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Tiwa ni. Tábìlì oúnjẹ la fi ń gbá a, ìwé la tò sí àárín bíi nẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń lù mí. Á ní, "Wá gbẹ̀kọ́, ọmọ kékeré." Mi ò lè rántí ìgbà tí a gbá a kẹ́yìn. Mo sọ fún ara mi pé tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, a ó tún gbá a. Iṣẹ́ kò fúyẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kò pè mí mọ́. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi ní òun ń rí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ju iwájú mi lọ, ó sì lọ. Mo ní kò burú, mò ń ṣe ohun tó ń ran aráyé lọ́wọ́. Màmá ń sọ ọ́ fún àlejò: "Ọmọ mi tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń mú nǹkan rọrùn fún èèyàn." Mo gbà á gbọ́. Mo fi ayé mi san án... rárá, mo fún wọn, wọn kò tilẹ̀ béèrè. Ayé tèmi, mo fún wọn. Ṣùgbọ́n tẹ̀gbọ́n mi, ta ló fún wọn?

Ọwọ́ aago ti sún mọ́ aago kan.

Ó yí ara padà. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Tó bá ń sùn báyìí, ó dà bí ìgbà tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan, tó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù kàn mí... N kò ní jí i.

Bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní jí i. Kó sùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Fóònù rẹ̀ nìyí, kò tì í kó tó sùn. Agogo tó wọ́ ahọ́n nìyí. Bọ́tìnì méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀: "Mò ń bọ̀" àti "Mi ò lè wá". Èmi ni mo ya àwọn náà. Mo mọ̀ pé mo fi "Mi ò lè wá" sí apá òsì, mo sọ ọ́ di kékeré, torí wọ́n ní kí n ṣe é kó má baà rọrùn láti tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Màá tẹ̀ ẹ́, màá dá fóònù padà sí ibi tó wà, ẹ̀gbọ́n mi á sùn, bàbá kan ní wọ́ọ̀dù á mu oògùn tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Á yé e. Fún ire rẹ̀ ni. Tí mo bá jí i tí mo bi í, ó máa kọ̀, ó máa ní iṣẹ́ ni, ó máa ní ta ló máa bá àwọn tó kù mú un. Ìdí tí mi ò fi ní bi í nì—

Ìdí tí mi ò fi bi ẹ́ nìyẹn.

Ọwọ́ mi wà lórí fóònù náà. Ìka ìfábẹ̀lá mi. Mò ń wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Bó ṣe rí nìyẹn, àbí? Ọ̀gá jókòó síbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí, ó mọ ohun tó dára, ó mọ̀ pé n kò ní gbà, ó fẹ́ràn mi, kò fẹ́ ká jà. Ara rẹ̀ balẹ̀. Bóyá ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ìkà kankan nínú yàrá náà, àfi ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀.

Mo gbé fóònù náà sílẹ̀. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀.

Nígbà tí a wà ní kékeré, tí mo bá fẹ́ sá fún iṣẹ́ ilé, màá dijú, màá máa mí kíkankíkan. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró lé mi lórí, á ní, "Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ." Á gbé omi tútù dà sí mi lọ́rùn. Mo ti ń rò láti àárọ̀ pé òun ni ó ń sùn nínú yàrá yìí. Èmi ni mo dijú. Ìka mi wà lára mi láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó tún yá a, mo ṣì ń sọ pé wọ́n gbé e lọ.

Mo fa kọ̀ǹpútà sún mọ́ra. Mo tẹ "Fà á sẹ́yìn". Ó bi mí ní ìdí. Àyè kékeré wà níbẹ̀ tí gbogbo ilé iṣẹ́ lè kà. Mo kọ ọ́: Èmi kọ́ ni mo fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ló fi kọ̀ǹpútà mi tẹ̀ ẹ́ nígbà tí n kò sí níbẹ̀. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá kọ̀. Mo kọ̀ báyìí. N kò fi "ẹ jọ̀ọ́" sí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo ti kọ̀ǹpútà náà pa, bí ahun.

Kò sí ohun tó yí padà. Rédíò ń kùn ní pálọ̀. Iṣẹ́ aago méjì ṣì wà nínú fóònù yẹn, ẹ̀yìn tí wọ́n ti pín in ni mo dé. Bóyá wọ́n á rí ẹlòmíràn tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i kí ọjọ́ Ajé tó dé. Bóyá n kò ní níṣẹ́ mọ́. Bóyá ó máa dìde, ó máa wẹ̀, ó máa lọ. Òun ló ni ín láti sọ. Ṣùgbọ́n kò ní lọ láìmọ̀. Màá sọ ti òfin náà fún un, àti ti agogo, àti ti ẹ̀rín tí mo rín. Bó bá fẹ́ bínú, kó bínú sí ẹni tó lójú.

Aago kan lù.

Mo kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bọ́ bàtà kejì. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó ń wá ẹni tó wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Ọ̀gá Àìrí fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."